Tí Owó Àlejò Bá Tán, Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Ìyá àti Ọmọ?

Yorùbá máa ń sọ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ní Calgary níbí, nọ́ọ̀sì ìjọba wà lára igba ènìyàn náà. Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nọ́ọ̀sì á pè é tàbí kó lọ wò ó nílé. Á wo bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Nígbà tó bá yá, ọmọ á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iṣẹ́ oṣù ni nọ́ọ̀sì náà ń ṣe, kì í ṣe àánú. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kì í fi í dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo ibòmíràn. Yunifásítì Calgary àti Yunifásítì Mbarara jọ ṣe ètò kan ní Uganda tí wọ́n ń pè ní Healthy Child Uganda. Láàárín ọdún 2006 sí 2009, wọ́n kọ́ ènìyàn méjì méjì ní abúlé 116 ní ìtọ́jú ọmọdé. Àwọn wọ̀nyí ń kọ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ń kọ ìbí àti ikú ọmọdé sílẹ̀. Láàárín oṣù 18 àkọ́kọ́, ikú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n kọ sílẹ̀ dín kù ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn oṣù 18 sí 36, 86 nínú 100 wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò gba owó oṣù.

Mo kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ lọ wo ọmọ aládùúgbò ti fi àkókò rẹ̀ san owó náà. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, yóò rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ìjọba nìkan náà kò tó. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba Gómìnà Mímìkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abiyẹ ní ọdún 2009, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ tí ń lọ bẹ àwọn aboyún wò nílé. Ní ọdún 2017, sáà gómìnà náà parí. Gómìnà ń lọ, òmíràn ń bọ̀, ṣùgbọ́n oyún kì í dúró de ìbò.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dáwó fún irú ètò báyìí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé àwọn ará abúlé ló yan àwọn òṣìṣẹ́ náà? Ṣé ìjọba ibẹ̀ ti fi owó rẹ̀ sínú ètò ìṣúná? Ta ni yóò ra oògùn ní ọdún kẹwàá? Tí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ má ṣe bínú kúrò níbẹ̀. Ẹ bá wọn wá a kí ẹ tó dáwó. Ọmọ tí a bí lónìí yóò ṣì nílò ìtọ́jú lẹ́yìn tí àlejò bá ti padà sílé.

Kí ni èrò tiyín?