Ẹ Yẹ Iná Wò Kí Ẹ Tó Tan Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ohun èlò tí a óò yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe áyọ́ọ̀nù, kì í sì í ṣe fíríìjì. Kọ̀ǹpútà ilé ti àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn ẹbí mìíràn rà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1990, tí wọ́n dì sínú páálí tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá rí i lónìí, ẹ̀bẹ̀ tí wọn yóò máa bẹ̀ ni pé kí a tàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó gbà fún wọn.

Commodore 64 ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1982 ni ilé-iṣẹ́ Commodore ti Amẹ́ríkà gbé e jáde, dọ́là 595 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà á. Kọ̀ǹpútà àti àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà. Tẹlifíṣọ̀n ilé ni a ń so ó mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì kó iṣẹ́ àti eré inú rẹ̀ pamọ́. Ìrántí rẹ̀ kò ju kìlóbáìtì 64 lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 1994. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní i ni ó gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Bí irú ẹ̀rọ yìí kò bá ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àìsàn wà. Ṣùgbọ́n àpótí iná kékeré tí ó wà lóde, tí wáyà rẹ̀ ń lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ iná líle ara ògiri di oríṣi méjì tí ó rọlẹ̀: ọ̀kan jẹ́ fóltì 5, èkejì jẹ́ fóltì 9. Wọ́n fi oje líle kan dí inú púpọ̀ nínú àwọn àpótí wọ̀nyí. Ooru kì í rí ọ̀nà jáde dáadáa, kò sì rọrùn láti ṣí wọn tún ṣe. Nígbà tí ohun tí ń ṣàkóso iná nínú rẹ̀ bá gbó, fóltì 5 yìí lè ga sókè láìsí èéfín, láìsí òórùn kankan. Iná àpọ̀jù náà yóò wọ inú kọ̀ǹpútà, yóò sì ba àwọn ṣíìpù ìrántí rẹ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nínú páálí ni a ó fi ọwọ́ ara wa pa.

Kò sí abiyamọ tí yóò fún ọmọ ní ẹ̀kọ gbígbóná láìkọ́kọ́ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ yìí. Ẹ má ṣe so àpótí iná náà mọ́ ọn kí oníṣẹ́ iná tó fi mítà wọ̀n ọ́n. Ẹ sọ fún un pé láàárín 4.75 sí 5.25 ni ó yẹ kí fóltì 5 náà wà. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ pa á tì. Bí ó tilẹ̀ pé, àpótí tí ó ti tó ogójì ọdún lè yí padà lọ́jọ́ kejì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra tuntun tí wọ́n ń ṣe fún un lóde òní.

Bí ó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Fóltì 120 ni wọ́n ṣe àpótí iná rẹ̀ fún, nígbà tí tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà, jíjó ni yóò jó. Àwòrán rẹ̀ pàápàá lè má dúró dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n tiwa, nítorí ètò àwòrán wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ iná bá ti yanjú, ẹ so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan, láìfi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tàbí ohunkóhun mìíràn kún un. Bí ara rẹ̀ bá dá, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò di búlúù láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ náà READY. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyí:

Bí iná pupa ara rẹ̀ kò bá tàn, fóltì 5 kò dé ibẹ̀. Ẹ yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì, pulọ́ọ̀gì àti ibi ìtanná rẹ̀ wò.

Bí iná pupa bá tàn ṣùgbọ́n tí ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó lè jẹ́ pé fóltì 9 ni kò dé. Fíúsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè ti jó. Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ níwájú, kí ẹ sì rọra gbé ìdérí sókè, nítorí wáyà so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Fíúsì oníye kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi wáyà lásán dí i, bí àwọn kan ti ń ṣe nínú ilé. Ọ̀nà tí iná fi ń jó ilé nìyẹn. Bí fíúsì bá dára, ó ti kan àwọn ṣíìpù, iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni.

Bí bọ́tìnnì mélòó kan kò bá jẹ́ ìpè, ìdọ̀tí ni ó sábà máa ń fà á. Òwú tí a fi isopropyl alcohol rin díẹ̀ ni a fi ń nu abẹ́ wọn, kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe kẹrosíìnì. Kí ẹ tó lè tú pátákó bọ́tìnnì náà tán, a ní láti yọ wáyà méjì tí a fi òjé jó mọ́ bọ́tìnnì Shift Lock.

Bí kásẹ́ẹ̀tì kò bá wọlé, ẹ nu orí tí ń ka téèpù gẹ́gẹ́ bí a ti ń nu ti rédíò kásẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan ni mo fi òfin dè: ẹ má ṣe ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ oníkùn ńlá. Iná tí ó lè pa ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ dá kọ̀ǹpútà náà tàn láìsí àgbàlagbà nítòsí. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, kí iná tó bá padà dé pẹ̀lú agbára má baà bà á jẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ̀sọ̀ ṣe é tí READY náà hàn, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tẹ PRINT 7*8, kí ó sì tẹ RETURN. Yóò rí 56 lójú tẹlifíṣọ̀n, yóò sì mọ̀ pé òun ni òun pàṣẹ fún ẹ̀rọ.

Títí di oṣù tí ń bọ̀, kí ilé yín tòrò o.