Bí Ẹ Ò Bá Ní Í Gbọ́, Ẹ Má Bi Wá

Ká ní olùkọ́ kan ń ṣiṣẹ́ ní Kambolé, ní Togo. Ọmọ 80 ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba ìwé kékeré kan, àfi kó gun alùpùpù lọ sí Tchamba, nígbà míì kó tún dé Sokodé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pín ìwé ìbéèrè: ṣé o ń sùn? Ṣé nǹkan ti ń kọjá agbára rẹ láti oṣù kan? Àyè orúkọ wà lókè, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni yóò sì gbà á padà. Kí lẹ rò pé yóò kọ? “Dáadáa ni.” Èmi náà á kọ “dáadáa ni”.

Irú àyẹ̀wò yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1983 ni Sheldon Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan tó gbajúmọ̀ jáde, ìbéèrè 14, láti mọ bí wàhálà ṣe ń rí lára ẹni. Ó wúlò, àmọ́ kò lè sọ àìsàn tó ń ṣe èèyàn. Èdè tún wà ńbẹ̀. Faransé ni ìwé tí wọ́n ń pín fún wa máa ń sọ; àwa á ní àyà wa ń já, ọkàn wa ò balẹ̀, orí wa gbóná. Ẹni tó ń sọ èdè Tem ní Sokodé ní ọ̀nà tirẹ̀. Ta ló ń túmọ̀ ìbéèrè náà?

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ń gba ọjọ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 12 lọ́wọ́ aráyé lọ́dọọdún. Síbẹ̀, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022, wọn ò ní ká máa ṣe àyẹ̀wò yìí fún òṣìṣẹ́, wọn ò sì ní ká má ṣe é, torí kò tíì hàn bóyá àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé ká tún iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, ká sì kọ́ àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó pín ìwé, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ lè yí padà: iṣẹ́ òru, owó oṣù tó ń falẹ̀, èébú níwájú èèyàn. Kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà gba ìdáhùn, kì í ṣe ẹni tó ń buwọ́ lu owó oṣù. Òṣìṣẹ́ tó sọ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni ò dá lóhùn kò ní í sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ ní ọ̀gá. Àgbẹ̀, ìyá ọlọ́jà, ẹni tó ń fi alùpùpù kérò: ìwé kankan ò ní í dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ wọ́n ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì lè pe nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé.

Bí oorun bá ti dá lójú rẹ, tí ayé sì sú ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, má dúró de ìwé ìbéèrè. Lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọ. Bí agbára wọn ò bá ká a, ilé ìwòsàn ẹkùn wa wà ní Sokodé. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Zébé, lẹ́bàá Aného, jìnnà sí wa, ẹ má jẹ́ kó dìgbà tí yóò di dandan. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ.

Ní ti olùkọ́ wa yẹn, ẹ wá olùkọ́ kejì fún kíláàsì rẹ̀, kí ẹ sì fi ìrìn-àjò ìwé yẹn mọ sí Tchamba. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún gbé ìbéèrè náà fún un. Ẹ yọ àyè orúkọ kúrò.