Fọ́tò Awọ Ara Gbọ́dọ̀ Ní Ìlànà Kan

Àwọn àrùn awọ ara kan wà tí kì í sábà pa ènìyàn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fi ènìyàn lọ́rùn sílẹ̀. Eczéma jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, psoriasis sì jẹ́ òmíràn. Ara a wú, a máa yún, awọ a sì máa bó. Nígbà tí ó bá yá, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà a tún padà.

Àwọn àrùn méjèèjì yìí kì í ran ẹlòmíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, fẹnu kò ní Geneva pé ìnira ńlá ni psoriasis jẹ́, àti pé ó yẹ kí a dẹ́kun ẹ̀gàn tí àwọn tó ní in ń rí. Síbẹ̀, bí awọ ẹnìkan bá ń bó bí ìpẹ́ ẹja, àwọn ará ilé lè máa pè é ní làpálàpá, àwọn mìíràn a sì máa rò pé ẹ̀tẹ̀ ni. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ìṣòro ńlá kan wà nínú ìtọ́jú irú àrùn bẹ́ẹ̀: kì í dúró de dókítà. Ara ẹni tó ń gbé ní Bantè tàbí ní abúlé kan lẹ́bàá Savalou lè wú gidigidi nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n Cotonou, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn dókítà awọ ara wà, jìnnà ju 200 kìlómítà lọ. Kí ó tó rí owó ọkọ̀, ara lè ti rọlẹ̀. Àpá nìkan ni dókítà yóò rí. Fọ́tò tí a yà ní ọjọ́ tí àrùn náà le ni ó lè jẹ́rìí sí ohun tó ti kọjá.

Ní orílẹ̀-èdè Mali, a ti dán irú iṣẹ́ yìí wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ìgbèríko kọ́ bí a ti ń ya fọ́tò awọ aláìsàn, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn dókítà awọ ara ní Bamako, tí wọ́n sì fún wọn lésì. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ ni ó ṣáájú. Fóònù nìkan kò tó.

Ìdí ni pé fọ́tò tí kò ní ìlànà lè tan dókítà jẹ. Lára ẹni tó funfun, ibi tó ń wú a máa pọ́n. Lára ẹni tó dúdú, ó lè dà bí àwọ̀ àlùkò tàbí eérú, tàbí kí ó kàn dúdú ju ibi yòókù lọ. Iná fóònù lè pa irú àmì bẹ́ẹ̀ rẹ́. Òrí tí a fi para a máa dán. Àwọn fóònù kan tilẹ̀ ń fúnra wọn tún awọ ṣe kí ó lè jọ̀lọ̀. Bí a bá ya fọ́tò kìn-ín-ní nínú oòrùn, tí a sì ya èkejì lábẹ́ àtùpà, ta ni yóò mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́? A lè pa oògùn tó dára tì. A sì lè máa fi ìpara líle kún ìpara líle, títí awọ yóò fi di fẹ́lẹ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn ní Bantè àti Savalou máa tẹ̀ lé ìlànà kan náà:

1. Kí a fọ ibẹ̀ mọ́, kí a má fi òróró tàbí òrí pa á.
2. Kí a lo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lẹ́bàá fèrèsé, láìsí iná fóònù.
3. Kí a ta aṣọ aláwọ̀ kan sẹ́yìn, aṣọ kan náà nígbà gbogbo.
4. Kí a ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan láti òkèèrè, kí a lè mọ apá ibi tó jẹ́ lára, ọ̀kan láti ìtòsí, pẹ̀lú rúlà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń fa ìlà, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, kí a lè rí bí ó ṣe ga sí.
5. Kí aláìsàn dúró tàbí jókòó bákan náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.
6. Kí a kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Ìlànà kan ṣáájú gbogbo èyí: àṣẹ aláìsàn. Òfin 2017-20 ti Benin, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera ẹni kọ̀ọ̀kan. Kí a bi aláìsàn kí a tó yà á, kí a sì sọ ẹni tí yóò rí fọ́tò náà fún un. Bí àrùn kò bá sí lójú, kí ojú má hàn. Ara ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí WhatsApp fún ìran wíwò.

Fọ́tò kò sì lè gba ipò ọwọ́ dókítà. Ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀ lè ní àbàwọ́n kan lára tí kò mọ ìfọwọ́kàn. Kò sí fọ́tò tó lè fi èyí hàn. Àfi kí a fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rí irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de èsì fọ́tò. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, OMS tún fẹnu kò pé ó yẹ kí gbogbo ayé mú àrùn awọ ara ní pàtàkì. Ó kù kí ìpinnu náà dé ìgbèríko. Ìwé kan lára ògiri, ní èdè Faransé, ní Yorùbá àti ní Mahi, rúlà kan àti aṣọ kan: owó wọn kò pọ̀. Àwọn aláṣẹ ìlera lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé náà ní ipa tiwọn. Ẹni tó lè kọ ọjọ́, tó lè kọ orúkọ oògùn àti ibi tí ara ti wú sínú ìwé ìlera rẹ̀, ti fi ohun tí fọ́tò kò lè sọ kún un. Kí ó máa mú ìwé náà lọ́wọ́ nígbà gbogbo tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn.