Kẹ́ẹ̀gì Kì í Ṣe Akèrègbè

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kẹ́ẹ̀gì oníke ń gba ipò akèrègbè, kódà ní ojúbọ. Lóòótọ́, ike kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Igbá fínfín jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi mọ Ọ̀yọ́: a ó rẹ igbá sómi kí inú rẹ̀ lè rà, a ó ha á, a ó sá a sóòrùn, kí ọ̀bẹ tó kàn án. Bí igbá bá lọ, àdó àti ahá yóò di ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ lásán. Ọmọ awo tí kò mọ igbá, báwo ni yóò ṣe lóye igbá ìwà? Kí ojúbọ kọ̀ọ̀kan ra igbá lọ́wọ́ àwọn tó ń fín in. Kí kẹ́ẹ̀gì dúró ní ẹ̀yìnkùlé.