Èrò Kan lórí Èdè-Ìperí fún Epo tí Ọkọ̀ ń Jẹ

Bí a bá yẹ iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí èdè-ìperí Yorùbá wò, a ó rí i pé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò kọjá ẹ̀ka mẹ́ta yìí, kò sì sọ pé òun fẹ́ kọjá wọn. Ní ti sáyẹ́ǹsì, ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti ṣe gudugudu méje fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí àgbàlagbà ń náwó lé lórí lójoojúmọ́, a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Ọ̀kan péré nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, èyíinì ni ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ‘fuel economy’. Èrò mi ni pé a kò gbọdọ̀ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un. Méjì ni a nílò, ó sì pọn dandan kí a yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìtumọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sọ sí olùtumọ̀ lọ́kàn ni ‘ọrọ̀-ajé epo’. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí yóò gbọ́ èyí tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí Olóìbírì àti sí àpò ìjọba àpapọ̀. Òmíràn ni ‘ìṣúnlò epo’. Èyí sàn ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ìwà ni ìṣúnlò, kì í ṣe ìwọ̀n. A lè yin ọkọ̀ kan pé ó ń ṣún epo lò. A kò lè sọ pé ìṣúnlò rẹ̀ jẹ́ lítà 12. Ọkọ̀ tí ó jẹ́ àpà pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkúta àti ìyẹ́ adìẹ ṣe jọ ní ìwúwo. Ọ̀rọ̀ tí ń yinni tàbí tí ń buni kò yẹ ní orúkọ ìwọ̀n. Ní ti ‘máìléèjì’, àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ti gbà á lọ́wọ́ wa: iye ọ̀nà tí ọkọ̀ ti rìn láti ọjọ́ tí a ti ṣe é ni wọ́n ń fi pè, kò sì sí àǹfààní nínú kí a bá wọn jà á.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí àwọn awakọ̀ fúnra wọn ti ń sọ ọ́. Àwọn kan a ní ọkọ̀ ń mu epo, àwọn mìíràn a ní ó ń jẹ epo. Méjèèjì ni ó tọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba fún iṣẹ́ tiwa. Ohun tí a bá sọ pé nǹkan kan mu sábà máa ń wà nínú ohun tí ó mu ún: ilẹ̀ mu omi, kànìnkànìn mu omi, bí a bá sì fún kànìnkànìn náà, omi yóò jáde. Ohun tí a bá ní nǹkan kan jẹ ti kúrò ní ipò tí ó wà: ikán jẹ igi, ìpẹtà jẹ irin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni epo inú ẹ́ńjìnnì rí. Lítà kan bẹntiróòlù kò wúwo tó kílógíráàmù kan, nǹkan bí 0.74 ni. Nígbà tí ó bá jóná tán, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ a so mọ́ ọ́síjìn tí ó wá láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí yóò sì bá èéfín jáde yóò tó nǹkan bí kílógíráàmù 2.3 kábọ́ọ̀nù-dáì-ọ́ksáìdì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wádìí ìdí tí ohun tí ó jáde fi wúwo ju epo tí ó wọlé lọ ti rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ‘jẹ’. ‘Epo-jíjẹ’ ni mo fara mọ́.

Láti ara rẹ̀ ni a ó ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ méjì tí mo ń wí. Èkíní ni ‘ìwọ̀n epo-jíjẹ’: iye epo tí ọkọ̀ jẹ kí ó tó rin ọ̀nà kan tí a yàn, bí àpẹẹrẹ, lítà 12 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Èkejì ni ‘ìwọ̀n ìrìn-epo’: iye ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn lórí epo kan tí a yàn, bí àpẹẹrẹ, kìlómítà 8.3 lórí lítà kan. Ọkọ̀ kan náà ni àpẹẹrẹ méjèèjì ń sọ nípa rẹ̀, nítorí pé bí a bá pín 100 sí ọ̀nà 12, 8.3 ni a ó rí. Ṣùgbọ́n bí èkíní bá ń ga, àdánù ni. Bí èkejì bá ń ga, èrè ni. Àwọn ará Yúróòpù tí ó pọ̀ jù àti àwọn ará Kánádà ń lo èkíní. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo èkejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń ta epo ní lítà, síbẹ̀ gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣì fi ń ṣírò ìrìn rẹ̀. Kí olùtumọ̀ má ṣe jẹ́ kí èyí ya òun lẹ́nu.

Kí ni ó burú nínú kí a fi orúkọ kan pe méjèèjì? Ní 2008, Richard Larrick àti Jack Soll ti Yunifásítì Duke tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà Science, wọ́n sì fi hàn pé ìwọ̀n ìrìn-epo máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan tí ó ní ọkọ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rin máìlì 12,000 lọ́dún. Píkọ́ọ̀pù wọn ń rin máìlì 15 lórí gálọ́ọ̀nù kan, ọkọ̀ kékeré wọn ń rin 30. Èwo ni kí wọ́n pààrọ̀: píkọ́ọ̀pù, fún èyí tí yóò rin 20, tàbí ọkọ̀ kékeré, fún èyí tí yóò rin 40? Ojú yóò sọ pé 10 ju 5 lọ. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tí ó ń jẹ gálọ́ọ̀nù 800 lọ́dún yóò wá máa jẹ 600, nígbà tí ọkọ̀ kékeré tí ó ń jẹ 400 yóò wá máa jẹ 300. Èrè ti píkọ́ọ̀pù jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọkọ̀ kékeré. Bí a bá sì fi ìwọ̀n epo-jíjẹ sọ ọ́, kò ní sí ìtànjẹ kankan: lítà 15.7 ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sọ̀ kalẹ̀ sí 11.8 níhà kan, 7.8 sọ̀ kalẹ̀ sí 5.9 níhà kejì. Ìjọba Amẹ́ríkà pàápàá gba èyí rò: láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2013, ìwé àlẹ̀mọ́ tí ó ń wà lára ọkọ̀ titun ní láti sọ iye gálọ́ọ̀nù tí yóò jẹ ní ọgọ́rùn-ún máìlì pẹ̀lú.

Àwọn ọkọ̀ tí ń jẹ epo púpọ̀ ni ìtànjẹ yìí ti ń pa ènìyàn lára jù, ìdí nìyí tí mo fi yan píkọ́ọ̀pù alábọ́ọ́dé. Ẹ wo Toyota Tacoma ọdún 2016, oní-sìlíńdà mẹ́fà, tí ẹ́ńjìnnì lè yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó sì ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀. Ohun tí a kọ sára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni máìlì 18 lórí gálọ́ọ̀nù nínú ìlú, 23 ní òpópónà, 20 ní àpapọ̀. Irú ọkọ̀ báyìí ń gba Kùtọnu àti Èkó wọlé sọ́dọ̀ wa ní tòkunbọ̀. Òǹkà tí ó wà níwájú awakọ̀ rẹ̀ ń ka máìlì. Ilé epo ń ta lítà fún un. Bàbá rẹ̀ tí ó kọ́ ìṣirò kí a tó yí sí ìwọ̀n lítà àti kìlómítà ń bi í léèrè gálọ́ọ̀nù. Gálọ́ọ̀nù wo? Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 3.785. Tacoma tí ń rin máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà yóò rin 24 lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ‘gálọ́ọ̀nù’ láìní orúkọ ìlú lẹ́yìn kò yẹ kí ó tún fara hàn nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan tí a bá kọ. Ní ti àwọn tí ń fi ‘ibùsọ̀’ túmọ̀ máìlì, ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ibùsọ̀, agbára ẹni tí ó ru ẹrù ni ó sì ń pinnu bí ọ̀kan ti jìnnà sí èkejì tó. Kò ṣeé fi ṣe ìṣirò.

Ìdàmú mìíràn wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ya ìwé àlẹ̀mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ojú awakọ̀ ń rí. ‘Epo-jíjẹ ti ayé gidi’ kì í ṣe Yorùbá; kò sí ayé mìíràn tí ọkọ̀ ti ń jẹ epo. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò ju ti ibi tí a ti wọ̀n ọ́n lọ. Nínú ìdánwò tí àjọ EPA, tí ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀, ọkọ̀ kì í kúrò nínú yàrá. Táyà rẹ̀ a wà lórí àgbá irin tí ń yí, awakọ̀ a máa tẹ̀lé eré tí a ti yà sílẹ̀ fún un, a ó sì ṣírò epo láti ara kábọ́ọ̀nù tí ó bá èéfín jáde. Ìdánwò òpópónà tí a ń lò láti àwọn ọdún 1970 kò ju máìlì 10.26 lọ, eré rẹ̀ kò kọjá máìlì 60 ní wákàtí kan. Nígbà tí ìráhùn pọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú èsì ti ìlú àti ìdá 22 kúrò nínú ti òpópónà, ní 1985. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 2008 ni a ti wá fi ìdánwò mẹ́ta mìíràn kún un: ti eré líle tí ó tó máìlì 80, ti ooru pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, àti ti òtútù. Mo dá a lábàá pé kí a pe ti yàrá ní ‘epo-jíjẹ orí àgbá’, kí a sì pe ti awakọ̀ ní ‘epo-jíjẹ ojú ọ̀nà’. Ẹni tí ó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ kò ní í béèrè èwo ni irọ́. Yóò mọ̀ pé ibi méjì ni wọ́n ti wá.

Ó sì yẹ kí wọ́n yàtọ̀, pàápàá fún píkọ́ọ̀pù. Ẹrù ni a ṣe é fún, kò sì sí ẹrù iṣu lórí àgbá irin. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ẹrù lè dín ìwọ̀n ìrìn-epo kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé ọkọ̀ kékeré ni ó ń dùn jù. Àpò símẹ́ńtì kan, kílógíráàmù 50, ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ díẹ̀. Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò ogún àpò. Eré náà ńkọ́? Bí eré bá ti 80 lọ sí 120 kìlómítà ní wákàtí kan, ìdènà afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po 2.25, nítorí pé eré lọ́nà eré ni ó ń tẹ̀lé, iwájú píkọ́ọ̀pù sì ga, ó fẹ̀. Táyà tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi táyà tí àyíká rẹ̀ fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ yóò rin kìlómítà 110 kí òǹkà tó ka 100. Yóò máa bú ọkọ̀ rẹ̀ pé ó ti di ọ̀jẹun, nígbà tí òǹkà ni kò mọ ìrìn kà mọ́.

Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye owó lítà kan sì ju ìlọ́po méjì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí kò fẹ́ mọ epo-jíjẹ ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ ń gbà wọ̀n ọ́n ni mo fẹ́ kí a pè ní ‘kún-dé-kún’: kí a bu epo kún táǹkì títí ẹnu ẹ̀rọ ilé epo yóò fi dá ara rẹ̀ dúró, kí a kọ iye òǹkà sílẹ̀, kí a wa ọkọ̀, kí a sì padà wá kún un bákan náà. Lítà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni epo tí ọkọ̀ jẹ. Ìgbà kan kò tó, nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ kì í sábà dúró ní ojú kan náà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá fẹ́ kó ọ̀pọ̀ kún-dé-kún pọ̀ ni àṣìṣe ńlá ń wọlé. Ọkọ̀ kan rin kìlómítà 30 ní kìlómítà 10 lórí lítà kan, ó sì rin 30 mìíràn ní kìlómítà 15 lórí lítà kan. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ pé ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 12.5. Ṣùgbọ́n lítà 3 àti lítà 2 ni ó jẹ, lítà 5 fún kìlómítà 60, èyíinì ni 12. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà méjèèjì bá gùn bákan náà, ìwọ̀n epo-jíjẹ ṣeé fi ṣe ìpíndọ́gba tààrà. Ìwọ̀n ìrìn-epo kò ṣeé fi ṣe é. Kò sí olùkọ́ tí yóò lè ṣàlàyé èyí yékéyéké bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ń jẹ́ fún méjèèjì.

Ó ku ibi kan tí àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ká, àwọn ará Èkó ni yóò sì kọ́kọ́ rí i. Bí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ìrìn-epo rẹ̀ jẹ́ òdo, ìwọ̀n epo-jíjẹ rẹ̀ kò sì ṣeé kà, nítorí pé a kò lè fi òdo pín nǹkan. Síbẹ̀ epo ń lọ. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi í sí ìdá mẹ́rin sí ìdajì gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti tóbi tó àti bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́, èyíinì ni nǹkan bíi lítà kan sí lítà méjì. ‘Epo-ìdúró’ ni kí a máa pe èyí, wákàtí ni kí a sì fi máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ọ̀nà.