Àgbàtọ́ Lẹ Pè É, Ẹ Wá Ń Lò Ó Bí Ọmọ Ọ̀dọ̀

Àwa onígbàgbọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ tòní wá bá. Kò ní dùn létí gbogbo wa, kò sì dùn létí èmi tí mò ń kọ ọ́.

Lọ́dọọdún, nígbà tí a bá ń kọ orúkọ àwọn ọmọ CM2 tí yóò ṣe ìdánwò CEPD, a máa ń béèrè acte de naissance. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìwé ọmọ tí onílé bí ti dé, ó wà nínú ọ̀rá, kò ká, kò ya. Ti ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn kò ní dé. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló yẹ kó mú un wá. Ìyá rẹ̀ wà lábúlé, kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń béèrè ìwé kankan. Ọmọ yìí ti lo ọdún mẹ́rin nínú ilé yẹn o! Ó ti pọnmi, ó ti gbálẹ̀, ó ti gúnyán, ó ti pọn àbíkẹ́yìn onílé títí tí ìyẹn fi rìn. Ọjọ́ tí ìjọba ní kí wọ́n fi ìwé hàn pé wọ́n bí i sáyé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

Lọ́dún kan, mo tẹ̀lé irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ délé. Èèyàn pàtàkì ni onílé nínú ìjọ rẹ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún mi. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olùkọ́, ẹ fi ti ìyẹn sílẹ̀. Màá fi í síbi tó ti máa kọ́ṣẹ́ ọwọ́." Wọ́n gbé ẹsẹ Bíbélì kan kọ́ sára ògiri lẹ́yìn orí rẹ̀, èyí tó sọ nípa ilé tó yàn láti máa sin Olúwa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mò ń wò ó bóyá ọmọ yẹn wà nínú ilé tí wọ́n ń wí.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ tí a ń pè wọ́n. Ọmọ àgbàtọ́: a gbà á láti tọ́ ọ ni. Ọmọ ọ̀dọ̀: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni ni. Àwọn ará Fọ̀n ní Kùtọnu ń pè é ní vidomègon, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ ọ̀dọ̀: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ìwà wa ló ba orúkọ náà jẹ́, tó fi jẹ́ pé lónìí, bí o bá pe ọmọ ẹnìkan ní ọmọ ọ̀dọ̀, ìjà dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo lòdì sí gbígba ọmọ tọ́. Àgbàtọ́ ni èmi fúnra mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n mú mi láti Kambolé lọ sí ilé àbúrò bàbá mi ní Sokodé, torí ilé-ìwé. Bí kò bá sí ilé yẹn, èmi kọ́ ni ẹ máa pè ní olùkọ́ lónìí. Àwọn ará wa Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ ní Kambolé, ń gba ọmọ tọ́ bíi tiwa, ẹ̀sìn wọn sì ní kí wọ́n má gba orúkọ bàbá ọmọ mọ́ ọn lórí. Wọn kò pe ara wọn ní ohun tí wọn kì í ṣe. Àwa la dìde ní ìta gbangba tí a ní, "Ọmọ mi ni, Ọlọ́run ló fún mi," tí a sì padà sílé lọ gbé àwo tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá bá wọn sọ ọ́, òwe ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa fún yín: ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títọ́ ni òwe náà wí, kò sọ pé igba ènìyàn ló ń rán an níṣẹ́.

Wọ́n á tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ àwa náà, ìyà yẹn ló sọ wá dèèyàn." Èyí ló ń bí mi nínú jù, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Àwa tí a yè é ni. Àwa mẹ́ta la jọ jẹ́ àgbàtọ́ ní àdúgbò kan náà ní Sokodé nígbà náà. Èmi nìkan ni mo dé kíláàsì troisième. Àwọn méjì yòókù kò sí lórí fóònù láàárọ̀ yìí láti wá kọ èrò tiwọn síbí.

Ti pé kò sówó ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò sówó. Owó oṣù olùkọ́ ni mò ń gbà! Ṣùgbọ́n láti ọdún 2008 ni ìjọba ti fagi lé owó ilé-ìwé ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ ra bàtà olówó iyebíye fún ọmọ olọ́mọ. Bó bá jẹ́ gààrí ló kù nílé, kí gbogbo ilé mu gààrí.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti inú ilé lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno. Ó gbéra láti Kùtọnu, ó dé Gabon, wọn kò gbà á, ó sì padà sí Kùtọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kó lọ síbi iṣẹ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 2003, Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí Tógò tiwa gan-an: àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó lọ síbi iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ ọjà, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n kó lọ sí oko ní Nàìjíríà, tí àwọn mìíràn nínú wọn kò rí ju kẹ̀kẹ́ kan lọ lẹ́yìn oṣù gbọọrọ. Kí ni ẹni tó wá mú wọn sọ fún àwọn òbí wọn? Ohun tí àwa náà ń sọ: "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ, màá fi í sílé-ìwé, màá fi í sẹ́nu iṣẹ́." Ìlérí rere tí àwọn ìyá àti bàbá wa fi ọkàn tán ni àwọn oníṣòwò ọmọ gbà wọlé. Tógò ṣe òfin lórí kíkó ọmọ kiri ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ó tún ṣe Code de l'enfant ní oṣù keje ọdún 2007. Ẹ má sì rò pé ó dìgbà tí ọmọ bá kọjá ààlà. Bí ẹ bá mú ọmọ láti Kambolé wá sí Sokodé kí ẹ lè máa kó o nífà, òfin yẹn ń bá yín wí.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin kátékíìsì wa, mo gbọ́ ìwàásù yín lórí Róòmù orí kẹjọ dáadáa. Ẹ ní Ọlọ́run sọ wá dọmọ, a sì di ajogún pẹ̀lú Kristi. Gbogbo ìjọ dáhùn, "Àmín!" Ọmọ àgbàtọ́ tó jókòó lẹ́yìn, tó gbé àpò ọmọ onílé sórí itan, ó gbọ́ ọ náà. Kí ni ó fi ń wé e? Ìsọdọmọ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni ti ilé tó ti wá láàárọ̀ yẹn.

Ẹ wo Jósẹ́fù. Kì í ṣe òun ló bí Jésù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sá lọ sí Íjíbítì lóru. Ó kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjìlá tó sọnù ní Jerúsálẹ́mù, òun àti Màríà padà sẹ́yìn, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i. Ta ni nínú wa tó máa pa iṣẹ́ tì, tó máa padà sọ́nà, tó máa wá àgbàtọ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ kẹta? Ẹlòmíràn nínú wa, ọ̀sán kò ní pọ́n kó tó fóònù sábúlé pé, "Ọmọ yín ti sá lọ o, ẹ má bi mí."

N kò fi ara mi ṣe ẹni mímọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé wa, méjì tí ìyàwó mi bí, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú. Aago márùn-ún ààbọ̀ la máa ń gbàdúrà òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì gbá a létí. Àdúrà ni mò ń gbà lọ́wọ́ o! Ọmọbìnrin mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nígbà náà, la ojú, ó ní, "Pàpá, aago mẹ́rin ló ti jí. Omi tí ẹ fi wẹ̀, òun ló pọn ọ́n."

N kò lè parí àdúrà náà. Ìyàwó mi ló bá mi ṣe àmín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a kọ iṣẹ́ ilé sára pátákó ìkọ̀wé kékeré kan, a pín in fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ọjọ́ ṣe ń yí. Àwọn méjì tí mo bí ráhùn fún bí oṣù kan. Ìgbà yẹn náà ni mo wá wo inú àpò ìwé mi, tí mo rí i pé acte de naissance méjì péré ló wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń bá àwọn òbí jà lọ́dọọdún! Mo gbéra lọ sí tribunal lọ béèrè jugement supplétif fún un. Ó gbà mí ní àkókò, ó gbà mí lówó díẹ̀, mo sì ti yẹ kí n ti ṣe é ní ọdún márùn-ún ṣáájú.

Bí ẹ bá mọ ilé tí wọ́n ti ń na ọmọ olọ́mọ ní ìnàkunà, nọ́ńbà 1011 wà fún ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Tógò, ọ̀fẹ́ ni.

Kò ní pẹ́ tí a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ fún CEPD. Lálẹ́ òní, lẹ́yìn àdúrà, ẹ ṣí àpótí tí ẹ kó ìwé àwọn ọmọ sí. Ẹ ka iye acte de naissance tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì wá ka iye ọmọ tó sùn nínú ilé. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sísàlẹ̀ níbí fún mi.