Ẹ Fetí sí Fèrè Onídẹ

Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé ó ti fẹ́ máa dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àgbà àti ọmọdé nídìí ìnáwó wa. Bí àwọn ọmọ bá ti gbé fọ́ńkì sí i, àwọn bàbá a gbé àga wọn, wọn a lọ jókòó síta. Bí wọ́n bá sì gbé háílààfù àtijọ́ sí i, àwọn ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Bẹ́ẹ̀ ẹbí kan náà ni orin méjèèjì, fèrè onídẹ ni ó so wọ́n pọ̀.

Kò yẹ kí fèrè irin ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Zaria. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kàkàkí lọ́jọ́ ọdún, bí Ẹ́míà bá gun ẹṣin jáde? Fèrè tí ó gùn ju ènìyàn lọ, tí ohùn inú rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ tí ara ń bù máṣọ bí ó bá ti dún. Kàkàkí wà ní ààfin Ọ̀yọ́ náà. Nígbà tí àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjọ gbé tiwọn dé, tí Salvation Army sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 1920, àwọn ènìyàn wa gba fèrè náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi sin Ọlọ́run, wọ́n fi sin òkú, wọ́n sì fi jó. Ọ̀nà yẹn ni Bobby Benson àti Victor Ọláìyá tọ̀ dé inú háílààfù.

Ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ yìí ní àṣà kan tí yóò yà yín lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ sí ibojì, orin ìjọ tí ó ń falẹ̀, tí ó kún fún ẹkún, ni àwọn afọnfèrè ń fọn. Bí wọ́n bá ti sin ín tán, wọ́n á yí ọwọ́ padà, ìlù á gbóná, àwọn tí ń wòran á bọ́ sẹ́yìn wọn, wọ́n á sì máa jó lọ sílé. Ẹni tí ó bá ti bá wa ṣe òkú àgbà rí, ǹjẹ́ kò mọ ìyẹn? Ẹgbẹ́ Dirty Dozen tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977 àti Rebirth tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983 ni wọ́n gbé fọ́ńkì wọ inú irú orin ìgboro bẹ́ẹ̀. Fèrè ńlá kan tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ra, tí ẹnu rẹ̀ yọ lókè orí, ni ó ń ṣe iṣẹ́ gìtá oníbáàsì fún wọn.

Àwọn bàbá ń sọ pé àwọn kò gbọ́ èdè orin wọ̀nyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èdè sílẹ̀ ná. Ohùn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni sóòlù. Ẹ wá “Try a Little Tenderness” tí Otis Redding kọ lọ́dún 1966. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fèrè jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kí ó tó parí, ẹ ó rò pé ìsọjí ni. Ọmọ ọdún 26 péré ni ọkùnrin náà nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ ní December 1967. Ní ti fọ́ńkì, James Brown sọ ohun èlò gbogbo di ìlù, títí kan fèrè. Ẹ fi “Cold Sweat” ti ọdún 1967 wé àwọn onídùndún: gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, olúkúlùkù ń sọ gbólóhùn tirẹ̀ ṣáá, ibi tí wọ́n ti pàdé ni adùn wà. Ẹni tí ó bá ń retí kí orin náà lọ síbì kan ni yóò sú.

Orlando Julius, ọmọ tí a bí ní Ìkòlé-Èkìtì, ti da sóòlù pọ̀ mọ́ háílààfù nínú àwo Super Afro Soul lọ́dún 1966. Òun ni kí àwọn àgbà fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sí “Water No Get Enemy” ti Fẹlá, 1975. Òwe wa gan-an ni orin náà. (Kì í ṣe gbogbo orin Fẹlá ni a lè gbé sí i níwájú ọmọdé, ẹ̀yin náà mọ̀.) Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1970, Tony Allen tí ń lùlù fún Fẹlá sọ pé ẹnì kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó, ó ń kọ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun ń ṣe sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ ti wá gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá Gangbé Brass Band ti orílẹ̀-èdè Benin, tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1994. Ohùn irin ni ìtumọ̀ orúkọ wọn ní èdè Fọ̀n, wọ́n sì ń kọrin ní Yorùbá pẹ̀lú.

A mọ̀ pé owó bàǹdì wọ́n. Àmọ́ lójú tiwa, afọnfèrè mẹ́rin pẹ̀lú onílù kan sàn lẹ́yìn òkú àgbà ju gbohùngbohùn tí ń mi òrùlé lọ. Ohun tí ó kù ni pé àwọn tí ń fọn ín láàárín wa ti ń dàgbà, a kò sì rí ọmọ tí ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ní fèrè tí ó ti ṣú lábẹ́ ibùsùn, kí ó gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ọṣẹ àti epo díẹ̀ lè tó láti jí i, a ó sì wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé.